Kí ni “waive” tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù yìí?

Àǹtí Bísí: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin ń gba fọ́ọ̀mù máster's ní Amẹ́ríkà, wọ́n wá bi í bóyá ó fẹ́ “waive” ẹ̀tọ́ ẹ̀ láti rí lẹ́tà tí lẹ́kíṣọ̀ ẹ̀ kọ nípa ẹ̀. Àwọn kan ní kó má tíìkì ẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Bọ̀dá Maryland: Àǹtí, ẹ ní kó tíìkì ẹ̀. Waive ni kéèyàn fúnra ẹ̀ jọ̀wọ́ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹ̀. Òfin FERPA, tó wà láti 1974, ló ní akẹ́kọ̀ọ́ lè wo fáìlì ẹ̀, àmọ́ ilé ìwé tó bá wọlé sí nìkan ló ti lè béèrè fún un, torí náà ohun tó ń jọ̀wọ́ ò tó nǹkan. Tó bá kọ̀, àwọn tó ń ka lẹ́tà yẹn lè máa rò ó pé lẹ́kíṣọ̀ ò sòótọ́ délẹ̀ torí ó mọ̀ pé ọmọ náà máa kà á, lẹ́kíṣọ̀ míì gan-an ò ní kọ ọ́ rárá.

Ibi tí mo fẹ́ káwọn èèyàn wa ti là jú ni pé, bẹ́ ẹ bá ti rí waive, ẹ wò ó pé ta ló ni ohun tí wọ́n fẹ́ jọ̀wọ́. Tí yunifásítì bá ní àwọn á waive owó fọ́ọ̀mù, owó tiwọn ni, ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́, kódà ẹ kọ ìmeèlì béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Àmọ́ tí ọlọ́pàá bá mú yín tó ní kẹ́ ẹ waive, ẹ̀tọ́ yín láti dákẹ́ àti láti ní lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni o, èyí tílé ẹjọ́ tó ga jù sọ nínú ẹjọ́ Miranda lọ́dún 1966. Ẹ má jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ ní lọ́yà lẹ fẹ́.

Kúnlé: Ẹ̀gbọ́n, ṣé wave tí wọ́n fi ń juwọ́ náà ni?

Bọ̀dá Maryland: Rárá o, ibòmíì ni ìyẹn ti wá. Èdè Faransé táwọn adájọ́ Ìlú Ọba ń sọ láyé àtijọ́ ni waive ti wá, kéèyàn pa nǹkan tì ni. Ẹrù tí olè bá jù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lé e, waif ni wọ́n ń pè é, ó ti di ti ọba nìyẹn. Obìnrin tí òfin bá ta nù náà, wọ́n á ní wọ́n ti waive ẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní outlaw.

Ìyá Ìbejì, Texas: Ẹ jẹ́ n fi kún un. Tó bá wọlé tán, ilé ìwé lè ti ki owó ìnṣọ́ránsì ìlera bọ inú bíìlì ẹ̀ láìbi í, owó ńlá sì ni. Tó bá ní òmíì, bóyá èyí tí ibi iṣẹ́ ìyàwó ẹ̀ ń san, àfi kó fúnra ẹ̀ lọ kọ waiver kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, lọ́dọọdún sì ni. Ibòmíì ò gbà á fáwọn tó fi fíìsà akẹ́kọ̀ọ́ wá, kó béèrè.

Àǹtí Bísí: Ẹ ṣeun gan-an, ó ti tíìkì ẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń ti waiver yẹn, mà?

Ìyá Ìbejì, Texas: Ó yàtọ̀ síra, ọ̀pọ̀ máa ń tì í ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án. Kó wo ojú ewé ìnṣọ́ránsì ilé ìwé ẹ̀ lọ́jọ́ tí bíìlì bá ti jáde.