Màmá tó gbà wá lálejò kò gba owó oúnjẹ, kí la lè ṣe?

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Àwa márùn-ún láti ìjọ wa n'Íbàdàn la wà ní abúlé kan lẹ́bàá Maradi, ní Niger, fún iṣẹ́ ìhìnrere ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni màmá tó gbà wá sílé ń ro túwó jéró fún wa pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé osè. Mo yọjú wo àká rẹ̀, ọkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ìkórè sì di oṣù kẹsàn-án. Mo fi sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, sábẹ́ àwo, ó dá a padà, ojú rẹ̀ fà ro. A ra àpò ìrẹsì, àwa náà ló sè é fún títí ó fi tán! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá Haúsá gbé, kí la lè fún un tí kò ní dà bí owó oúnjẹ? Òun ni ká gbé e fún ni, àbí ọkọ rẹ̀?