Kọ́tà tó ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nídìí mílìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní ká sọ ohun tójú wa rí nídìí mílìn àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi kọ́tà, abẹ eléyín tó ń yí, gé irin, tèmi rèé.

Providence ní Rhode Island ni mo ti kọ́ṣẹ́, ìlú yẹn gan-an ni Joseph R. Brown ti ṣe mílìn universal rẹ̀ (èyí tó lè ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́) jáde ní 1862, torí fáìlì ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ojú lílọ́ ara bíìtì dírílì tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ńlá gbáà. Ṣọ́ọ̀bù wa ní oní-bẹ́líìtì awọ kan, púlì rẹ̀ ṣe bí àtẹ̀gùn, tó o bá fẹ́ yí spíìdì padà wàá fọwọ́ sún bẹ́líìtì bọ́ sórí ìpele míì. Fíìdì rẹ̀, ìyẹn bí tébù ṣe ń gbé irin lọ bá kọ́tà, ni mo fẹ́ràn jù. Ara spindle, ọ̀pá tó ń yí kọ́tà, ni bẹ́líìtì kékeré kan ti ń gba agbára lọ sídìí tébù, torí náà bí kọ́tà bá ń rọra yí, tébù náà á rọra máa bọ̀, bó bá sáré, tébù á sáré tẹ̀ lé e, iye tí eyín kọ̀ọ̀kan ń bù lára irin ò ní yí padà. Ọdún kan gbáko ni mo fi lò ó, ó ti mọ́ mi lára.

Ni wọ́n bá gbé mi lọ sídìí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, oní-púlì ẹyọ kan, tó ní àpótí gíà. Fíìdì tiẹ̀ ò gba agbára lára spindle mọ́, iye ìǹṣì ní ìṣẹ́jú kan lò ń yàn. Irin líle kan dé, kọ́tà ìǹṣì 3 eléyín 12 ló wà lórí rẹ̀, ó ń yí ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan, tébù ń rin ìǹṣì 4½ ní ìṣẹ́jú kan. Mo rí i tí kọ́tà ń gbóná, èéfín ń yọ, mo bá dín ìyípo kù sí 30 bí mo ṣe máa ń ṣe sí ti àtijọ́, mi ò fọwọ́ kan fíìdì rárá. Tébù ń bọ̀ bó ṣe ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Eyín tó ń bu ìdá 4 nínú 1,000 ìǹṣì wá ń bu ju 12 lọ, gbàá! eyín 3 ti fò. Ó dùn mí wọra, kọ́tà yẹn ò wọ́pọ̀ nígbà yẹn.

— Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n mi. Òdìkejì ni tèmi o. Oní-bẹ́líìtì ni mo fi gé irin pẹlẹbẹ pẹ̀lú kọ́tà ìǹṣì 8, bẹ́ẹ̀ kọ́tà tó bá fẹ̀ tó yẹn, ìyípo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, ni tébù náà bá ń fà bí ìgbín, ojúmọ́ kan ló gbà mí. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya fíìdì kúrò lára spindle. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́tà há sínú irin, bẹ́líìtì kàn ń yọ̀ lórí púlì ni, òórùn awọ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí n tó sáré pa á. Kọ́tà yẹn ò ṣẹ́, ó ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi.