Ajọ̀ kọ́, aporó ni: lórí orúkọ tí a fẹ́ fún ohun tó ń tún omi táńkì iyùn ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹja òkun àti iyùn (ohun ẹlẹ́mìí inú òkun, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) nínú táńkì onígíláàsì ló bi wá pé kí ni kí òun pe ohun tí a ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ táńkì, kí sì ni kí òun pe ohun tó ń tún omi rẹ̀ ṣe. Alàgbà tó kọ́kọ́ dáhùn dábàá "ìpìlẹ̀" fún ti àkọ́kọ́ àti "ajọ̀" fún èkejì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn lọ lórí ọ̀kankan nínú méjèèjì, nítorí pé ẹni tó bá gba àwọn ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí wọ́n ṣe dún létí lè torí rẹ̀ pàdánù gbogbo ẹja rẹ̀.

Ti "ìpìlẹ̀" kò ní gba àkókò. Ohun tí nǹkan mìíràn dúró lé là ń pè ní ìpìlẹ̀. Nínú táńkì iyùn, orí gíláàsì gan-an ni a ń kọ́kọ́ to òkúta sí kí a tó da iyanrìn yí i ká, torí pé àwọn ẹja àti edé kan máa ń gbẹ́ ihò sábẹ́ òkúta. Èyí tó bá jókòó lórí iyanrìn yóò yẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì lè fọ́ táńkì. Àwọn ọ̀jáfáfá kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í da iyanrìn kankan sí i, tí iyùn wọn sì ń dàgbà. "Ìtẹ́lẹ̀" ni mo fara mọ́, nítorí pé ohun tí a tẹ́ ṣeé ká kúrò láìjẹ́ pé ilé wó.

Kí ìwé náà sì dárúkọ irú iyanrìn tó ń sọ. Aragonite ni wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, ìkarahun àti egungun iyùn tó ti rún ló sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà mo dábàá "iyanrìn ìkarahun", kí òǹkàwé má baà lọ bu ti àwọn bíríkìlà, tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí iyanrìn náà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 ti tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí hóró rẹ̀ sì wà láàárín mìlímítà 1 sí 2. Èyí tó bá kúnná jù, agbára omi yóò máa gbá a káàkiri. Èyí tó bá tóbi jù, ìdọ̀tí yóò máa há sáàárín rẹ̀. (Àwọn tó ń tà á máa ń ní bí iyanrìn yìí bá ń yọ́, yóò gbé pH omi ró, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ga sí i bí kíkan omi bá ṣe ń dín kù. Ní 8.1 sí 8.4 tí omi táńkì iyùn máa ń wà, díẹ̀ kínún ló ń yọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn gba owó ńlá lọ́wọ́ yín.)

"Ajọ̀" gan-an ni ìjà mi. Ajọ̀ tàbí asẹ́, iṣẹ́ kan náà ni: ẹni tó ń sẹ́ ògì ń ya eèrí sọ́tọ̀, eèrí á kù sókè, omi ògì á sì bọ́ sísàlẹ̀. Fóòmù inú ẹ̀rọ táńkì ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ẹja nínú táńkì tuntun kì í ṣe ohun tí fóòmù lè mú. Amóníà ni, tó ń jáde lára ẹja àti lára oúnjẹ tó ti jẹrà. Ó ti yọ́ mọ́ omi, kò ní àwọ̀, asẹ́ tó kúnná jù lọ kò sì lè dá a dúró. pH gíga bíi ti òkun tún máa ń mú kí oró rẹ̀ le sí i. Yorùbá kúkú mọ̀ pé omi lè tòrò kó má mọ́. Kí omi tòrò ni iṣẹ́ asẹ́.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lẹ̀ mọ́ òkúta àti iyanrìn ló ń ṣe ìyókù. Àwọn kan ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà ní oró. Àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà dé ìwọ̀n kan. Wọn kò ya ohunkóhun sọ́tọ̀ kúrò nínú omi, oró ni wọ́n ń pa, èdè wa sì ti ní "aporó" tipẹ́. Ẹnìkan ti ta kò mí pé oògùn là ń pè ní aporó, kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí. Ṣé oògùn ni apẹja àti apànìyàn náà? Ẹni tàbí ohun tó bá ń pa oró ni aporó.

Ìtàn iṣẹ́ náà tì mí lẹ́yìn. Ní 1961, Lee Chin Eng, ará Indonesia, ṣàlàyé fáyé bí òun ṣe ń fi òkúta tí a gbé láti inú òkun, pẹ̀lú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tó ń hó pútúpútú nínú omi, sin ẹja àti iyùn láìlo ẹ̀rọ asẹ́. Ta ni yóò pe òkúta yẹn ní ajọ̀? "Òkúta ẹlẹ́mìí" ni kí á pè é. Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ mú ọ̀rá àti èérí tó ti yọ́ mọ́ omi jáde sójú ìfófó, kí a tó dà á nù, "aréfófó" ló yẹ ẹ́, nítorí pé ńṣe là ń ré e lójú omi.

Ìdí tí n kò fi lè gbà kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dúró fún gbogbo wọn ni ìtọ́jú. Asẹ́ gbọ́dọ̀ di fífọ̀ lóòrèkóòrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdọ̀tí tó mú yóò jẹrà síbẹ̀, yóò sì tún di amóníà. Aporó ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló sábà máa ń gbà kó tó gbilẹ̀, ẹni tó bá sì fi omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, sí fọ òkúta rẹ̀ ti pa á. Kí Alàgbà jọ̀wọ́ sọ fún wa: bí méjèèjì bá ń jẹ́ ajọ̀ nínú ìwé, èwo ni òǹkàwé yóò mọ̀ pé kí òun fọ̀?