Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Sienna 2005 yẹn

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i. Ìbéèrè mi ni bóyá ká ra ọkọ̀ Toyota Sienna 2005 tí wọ́n ń tà n'Íléṣà fún ìdílé ẹlẹ́ni méje. A ti rà á. Táímìn-bẹ́lítì, ìyẹn bẹ́lítì tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí lákòókò kan náà, ló jẹ́ kówó wálẹ̀: bẹ́lítì ni ẹ́ńjìnnì lítà 3.3 yìí ń lò, kì í ṣe ṣéènì tí ti 2007 ń lò, máìlì 90,000 ló sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́lítì rẹ̀. Ẹni tó tà á ò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí ìdérí, ẹ̀gbẹ́ bẹ́lítì ti sán wẹ́wẹ́. A pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú wọ́tà-pọ́ǹpù tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká kó má bàa gbóná jù, torí bẹ́lítì yẹn náà ló ń yí i. Ẹni tó bá fi pọ́ǹpù àtijọ́ sílẹ̀ á tún gbogbo ẹ̀ tú tí pọ́ǹpù náà bá bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, a gbé e gun òkè ọ̀nà Àkúrẹ́: AC ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ géèjì ooru ò kọjá àárín.