Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì wo ló ń ṣiṣẹ́ nínú IELTS àti OET?

Nọ́ọ̀sì Coventry

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù o. Nọ́ọ̀sì ni mí n'Íbàdàn kí n tó dé ibí. Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe báyìí, mo sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní UK. Nínú IELTS Academic, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí mo ṣe kẹ́yìn, mo gba 7 nínú Listening, Reading àti Speaking. Writing nìkan ló dúró sí 6, bẹ́ẹ̀ 6.5 ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan wá fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, gbólóhùn rẹpẹtẹ tó ní kí n há sórí: "In this contemporary world", "It is an undeniable fact that", "a plethora of". Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ni kí n mú, àwọn wo ni kí n jù nù? Àbí kí n kúkú yà sí OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera?

Tíṣà Peckham

Àbúrò, má há a mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn àgbà níbí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń máàkì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, lọ kà á. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò nínú Writing: ṣé o dáhùn ohun tí wọ́n bi ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ rẹ so kọ́ra, ṣé ọ̀rọ̀ tí o lò bá ohun tí ò ń sọ mu, ṣé gírámà rẹ gún. Lórí ìsokọ́ra yẹn, àlòjù ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ síwájú máàkì 5. Níwájú 9 tó ga jù, wọ́n ní ó máa ń ṣọ̀wọ́n kí èèyàn tilẹ̀ kíyè sí ìsopọ̀ náà. Ẹ wá wo ẹni tó fi "Moreover" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, "Furthermore" bẹ̀rẹ̀ èkejì, "In addition" bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Bí ẹ̀rí bá sì wà pé àkọ́sórí ni gbogbo ìdáhùn èèyàn láti òkè délẹ̀, òdo ni.

Gbólóhùn tó dára ni èyí tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "In this contemporary world" kò ṣe nǹkan kan; fà á ya. Sọ ibi tí o dúró sí lójú ẹsẹ̀: "I agree that hospital care should be free, but only in emergencies." Ó parí. Ìdí rẹ̀ wá: "The main reason is that…" Ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: "This means that…" Àpẹẹrẹ: "Take Lagos, for example." Bí o bá fẹ́ gbà fún ẹni tó ń jiyàn pẹ̀lú rẹ díẹ̀ kí o tó padà sórí tìrẹ: "Admittedly, … Even so, …"

Àwa ọmọ Nàìjíríà tún máa ń fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ jù: "Everybody knows", "always", "never". Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. "Tends to", "is likely to", "in many cases" máa ń fi hàn pé ẹni tó ń kọ̀wé ti ronú. Ẹ sì dákun, "in the long run" ni, kì í ṣe "on the long run". "Equipment" àti "information" kì í gba "s" lẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì Coventry

Ẹ ṣeun gan-an sà. Task 1 nínú Writing, níbi tí wọ́n ti ń ní ká ṣàlàyé gíráàfù, ńkọ́? Àwọn gíráàfù yẹn máa ń tojú sú mi.

Tíṣà Peckham

Ìyẹn kò le tó bí o ṣe rò. "Overall" ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ ibì kan tí o máa ti sọ ohun tó hàn jù nínú àwòrán náà, ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Ẹni tó bá fo ibẹ̀ yẹn, 7 á ṣòroó rí. Lẹ́yìn èyí, mọ "rose steadily", "fell sharply", "levelled off", "peaked at" àti "accounted for" dáadáa. Kí o wá ṣọ́ "by" àti "to". Bí iye aláìsàn bá kúrò ní 40 tó di 60, "rose by 20" ni, tàbí "rose to 60". Ẹni tó bá kọ "rose by 60", gírámà rẹ̀ lè gún, irọ́ ló pa.

Má ju ogún ìṣẹ́jú lọ nídìí rẹ̀. Wákàtí kan ni wọ́n fún ọ fún Task 1 àti Task 2, ìyẹn àròkọ. Ó kéré tán, 150 ọ̀rọ̀ ni Task 1, 250 ni Task 2, máàkì Task 2 sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti Task 1. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ya gíráàfù sí wẹ́wẹ́ tán tí Task 2 kò sì parí.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, OET ni èmi ṣe ní tèmi. Ohun tí à ń ṣe ní wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ń dán wa wò, kò sí pé kí n máa jiyàn bóyá ó yẹ kí ìjọba máa náwó sórí rọ́kẹ́ẹ̀tì. NMC fẹ́ B nínú Listening, Reading àti Speaking. C+ tó nínú Writing.

Wọ́n á fún ọ ní àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún láti kà á, ogójì láti kọ lẹ́tà, ara lẹ́tà náà ò ju nǹkan bí 180 sí 200 ọ̀rọ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó ti sọ ohun tí o ń wá: "I am writing to refer Mrs B, a 62-year-old widow, who requires wound care following her discharge today." Lẹ́yìn náà: "She was admitted on … with …", "Her medical history includes …", "She lives alone and is unable to …" Nígbà tí o bá ń parí rẹ̀: "It would be appreciated if you could monitor …" Àwọn wọ̀nyí, há wọn sórí bó bá wù ọ́, torí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ náà nìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ohun tí o máa yọ kúrò. Wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ kó pàǹtí sínú àkọsílẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò lò ń kọ̀wé sí nítorí egbò, kí ló kàn án pẹ̀lú pé Mama dá lápá nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?

Ní ti Speaking, eré méjì ni: ìwọ ni nọ́ọ̀sì, ẹni kejì ni aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ka káàdì, bíi márùn-ún láti sọ̀rọ̀. Wọ́n ń máàkì bí o ṣe ń ṣe sí aláìsàn mọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ o. "Can you tell me what you already know about this?" kí o tó máa da àlàyé lé e lórí. "What worries you most?" "I can see this has been hard for you." "Let me explain what will happen next." Kí o sì dákẹ́ kó fèsì! Nílé, "Mama, don't worry, it is well" la máa ń sọ. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn ohun tó ń ba Mama lẹ́rù.

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì, Manchester

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí púrúńtù náà dá sí i 😂. Ti ìwé ìgbélùú ni èmi ṣe, ìpele Gẹ̀ẹ́sì B1; GESE Grade 5 ni orúkọ ìdánwò náà, Trinity ló ń ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ìwọ fúnra rẹ lo máa mú kókó ọ̀rọ̀ kan wá, ẹ ó sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà olùdánwò á mú tirẹ̀ wá: orin, àjọ̀dún, ohun ìrìnnà, irú wọn. Ojúde Ọba ni mo mú lọ. "I have been going since I was a boy." "I have never seen so many horses in one place." "I'd rather watch the horses than dance, because my knees are bad." Àwọn "have been", "since", "I'd rather", "because" yẹn gan-an ni wọ́n ń wá ní Grade 5. Mo sì bi í padà: "Have you ever been to a festival like that?" Inú rẹ̀ dùn. Òfin ìgbélùú ń yí padà o. Kí kálukú wo ohun tí Home Office ń béèrè lọ́wọ́lọ́wọ́ kó tó sanwó.

Nọ́ọ̀sì Coventry

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí n máa fi imú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó kí Speaking mi lè gòkè.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Fi imú ṣe kí ni? Jọ̀ọ́, má dá a lóhùn.

Tíṣà Peckham

Ohùn Yorùbá kì í gba máàkì lọ́wọ́ ẹni. Kí ọ̀rọ̀ yé ẹni tó ń gbọ́ ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìbàdàn, mo mọ̀ yín: ẹ ya "ship" sọ́tọ̀ kúrò lára "sip". Àwa yòókù tí "h" máa ń sá mọ́ lẹ́nu, ẹ ṣọ́ "hill" àti "ill". Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ da irú wọn pọ̀ mọ́ra ní ilé ìwòsàn.

Bí o kò bá gbọ́ ìbéèrè, "Sorry, could you say that again?" kò ní dín máàkì rẹ kù. Nínú Part 3 ti IELTS Speaking, o lè béèrè "What do you mean by…?" Bí o bá ń wá ọ̀rọ̀: "I've never really thought about that, but I suppose…" Ìgbà kan ṣoṣo ni kí o lò ó o, bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á mọ̀. Bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, "or rather" ni kí o fi tún un ṣe, kí o sì máa lọ.

Part 2, ìṣẹ́jú kan láti múra, ìṣẹ́jú kan sí méjì láti sọ̀rọ̀. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "The topic I have been given is…" Bó bá jẹ́ ibi tí o fẹ́ràn ni wọ́n béèrè, má lọ sí Paris tí o kò rí rí. Bódìjà ni kí o mú wọn lọ: òórùn ata, àwọn alápatà, bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà. "What I like most about it is…", "It used to be…, whereas now…" Ọ̀rọ̀ á máa wá fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Calgary

Ẹ má gbàgbé àwa tí a ṣe IELTS General Training fún Kánádà. Lẹ́tà ni Task 1 tiwa. Kókó mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí o bá kọ "Dear Sir or Madam", "Yours faithfully" ló parí rẹ̀. Bí o bá kọ orúkọ ẹni náà, "Yours sincerely". Sí ọ̀rẹ́: "It was great to hear from you" àti "Anyway, I'd better go." Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ "I hope this letter meets you in good health. If so, glory be to God. My main aim of writing you this letter is…" Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ti ń yún yín 😂

Ìyá Ìbejì, Leeds

Nọ́ọ̀sì Coventry, kí o tó sanwó ìdánwò mìíràn, ka ojú ìwé NMC lórí ohun tí wọ́n ń pè ní SIFE. Láti 2023 ni wọ́n ti ń gbà á: ẹni tó bá fi ìdajì máàkì kùnà nínú ẹ̀ka kan ṣoṣo, tó sì ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní UK fún ọdún kan, ibi iṣẹ́ rẹ̀ lè kọ̀wé jẹ́rìí sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. 6 sí 6.5, ìwọ gan-an nìyẹn! Wo fọ́ọ̀mù náà fún ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bó bá sì di pé o tún ìdánwò ṣe, wọ́n máa ń pa èsì méjì pọ̀ bí wọn kò bá ju oṣù méjìlá síra, tí kò bá ti sí èyí tó rẹlẹ̀ sí 6.5 nínú mẹ́ta yòókù àti èyí tó rẹlẹ̀ sí 6 nínú Writing.

Nọ́ọ̀sì Coventry

Háà! Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí. Mo ti lé lọ́dún kan níbi iṣẹ́. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ sí mánéjà mi tí kò ní dà bíi pé mò ń pàṣẹ fún un?

Tíṣà Peckham

"I am applying to join the NMC register and narrowly missed the writing score. I was wondering whether you would be willing to complete a supporting form about my use of English at work. I would be happy to bring it to you and go through it together." Fi ọpẹ́ kún un, kí o fi ránṣẹ́. Má fi "Kindly do the needful" parí rẹ̀ o.