Ta ló mọ atún-kẹ̀kẹ́-ṣe tó mọṣẹ́ ní Òṣogbo?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìdíje kẹ̀kẹ́ orí òkè tí mo lọ lópin ọ̀sẹ̀ já mi kulẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó di jíà ẹ̀yìn mú ló tẹ̀ wọ inú sípóòkì, ṣéènì sì já. Mo ń wọ́ kẹ̀kẹ́ lọ, àwọn ọmọdé ń kí mi kú ìnáwó! Ẹnì kan ládùúgbò ní kí n fi òòlù lù ú tọ́. Irin alumíníọ́mù kẹ̀? Á kán ni. Ta ló ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́ ọ?

Ẹ̀wẹ̀, mo fẹ́ lọ fara nisinmi nídìí omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti dáa, ṣé awakọ̀ á gbé e sí búùtù, àbí wọ́n á gba owó èèyàn méjì lọ́wọ́ mi?