Bọ́tìnì tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo lórí console Linux: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun alẹ́ méjì lójú mi, mo wá ní kí n kọ ọ́ síbí kẹ́lòmíì má bàa gba ọ̀nà tí mo gbà. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ni mo ní tí mi ò gbé desktop kankan sí, console dúdú yẹn lásán (ojú ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ tẹ àṣẹ), ibẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń gbọ́ orin. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè wà lára ẹ̀ o, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé desktop fúnra ẹ̀ ló máa ń tẹ́tí sí bọ́tìnì bẹ́ẹ̀, níbi tí kò wá sí desktop ńkọ́, ta ló fẹ́ gbọ́?

Mo bá gba ìdí loadkeys lọ, àṣẹ tó ń yí iṣẹ́ bọ́tìnì padà lórí console. Mo fi showkey, àṣẹ tó ń fi nọ́ńbà bọ́tìnì hàn, wo nọ́ńbà F12 tí mo fẹ́ máa fi gbé ohùn sókè, ó ní 88 ni (tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jáde, ẹ kàn ká ọwọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá 10). Mo kọ ìlà méjì yìí sínú fáìlì kan:

keycode 88 = F70
string F70 = "amixer -q set Master 5%+\n"

amixer yẹn ni àṣẹ tó ń yí ohùn padà. Mo fi sudo loadkeys gbé e wọlé, mo tẹ F12, ohùn lọ sókè, inú mi dùn ṣìnkìn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wà nínú vim tí mo fi ń kọ̀wé, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi kàn ti lọ sórí F12. "a" tó ṣáájú nínú amixer yẹn, vim kà á sí pé mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, bó ṣe kọ "mixer -q set Master 5%+" sáàárín gbólóhùn mi nìyẹn tó tún bọ́ sí ìlà tuntun. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìlà string yẹn kì í ṣe àṣẹ rárá, console kàn ń bá ẹ tẹ̀wé ni, ẹni tó bá wà níwájú nígbà yẹn ló máa gbà á. Tó bá jẹ́ bash, tó ń gba àṣẹ téèyàn bá tẹ̀, á ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń béèrè password, á lọ gẹ́gẹ́ bíi password.

Báwo lẹ̀yin ṣe ṣe tiyín?

onítty3:
Ẹ kú àlàyé ẹ̀gbọ́n, ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀, mo ti fi string sílẹ̀ tipẹ́. triggerhappy ni mo ń lò, ètò tó ń pe àṣẹ téèyàn bá tẹ bọ́tìnì, thd lorúkọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Òun ò bá console da nǹkan pọ̀, /dev/input, ibi tí Linux ti ń gbé títẹ̀ bọ́tìnì kalẹ̀, ló ń kà tààrà, inú vim lẹ wà o, ẹ ò tíì wọlé rárá o, bọ́tìnì bá ti lọ sílẹ̀ ó ti gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì .conf kan ní /etc/triggerhappy/triggers.d báyìí:

KEY_VOLUMEUP 1 /usr/bin/amixer -q set Master 5%+

1 yẹn ni títẹ̀, 0 ni ìgbà tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀, 2 ni tẹ́ ẹ bá dì í mú. 1 nìkan ni mo kọ́kọ́ kọ, mo wá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ìka fi ń dùn mí, kí n tó fi ìlà oní-2 kún un.

Ibi tó ti há mi gan-an nìyí o. Tí mo bá fọwọ́ kọ amixer, ó ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá tẹ bọ́tìnì, òfo. Mo tún fáìlì kọ, mo pa kọ̀ǹpútà mo tún tàn án, evtest sì ń fi hàn mí pé bọ́tìnì ń wọlé dáadáa. Àṣé lórí Debian tèmi, orúkọ nobody, aṣàmúlò tí kò lágbára kankan, ni thd fi ń ṣiṣẹ́, nobody ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ohùn! Ẹ lo systemctl edit triggerhappy, ẹ kọ ExecStart= lófìfo kẹ́ ẹ tó kọ tuntun sísàlẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ ẹni tó wà nínú group audio (àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohùn) sí --user. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi root, ẹni tó lágbára lórí gbogbo ẹ̀rọ, síbẹ̀ torí kó lè yá, ẹnikẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ bá to kíbọ́ọ̀dù yẹn ló máa lè pe àṣẹ yẹn láì wọlé rárá.

aládàkọ:
Tèmi ò ní ṣe pẹ̀lú bọ́tìnì tuntun, èyí tó wà nílẹ̀ ló ṣe mí léṣe. Mo ń da fáìlì kọ láti disk kan sí èkejì, ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta, ẹnì kan nínú ilé rò pé ẹ̀rọ ti gan, ló bá tẹ Ctrl+Alt+Del. Ó tún ara ẹ̀ tàn lójú ẹsẹ̀, kò béèrè ohunkóhun. systemd, ètò tó ń darí àwọn iṣẹ́ lórí Linux, ló ń gbé ctrl-alt-del.target dìde, sudo systemctl mask ctrl-alt-del.target ni mo fi dá a dúró. Mo rò pé ó parí, kò parí o, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà 7 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, á ṣì tún un tàn ní tipátipá, àfi kẹ́ ẹ kọ CtrlAltDelBurstAction=none sínú /etc/systemd/system.conf.

caps_di_ctrl:
CapsLock ló ń dà mí láàmú ní tèmi. Mo fi keycode 58 = Control sínú loadkeys, ó dáa, ṣùgbọ́n console nìkan ló mọ̀ ọ́n, tí mo bá bọ́ sórí desktop Caps á padà di Caps. keyd, ètò tó ń yí iṣẹ́ bọ́tìnì padà lórí console àti desktop, ló yanjú ẹ̀, lábẹ́ [main] nínú /etc/keyd/default.conf mo kọ capslock = overload(control, esc), tí mo bá dì í mú ó jẹ́ Ctrl, tí mo bá kàn tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́ ó jẹ́ Esc. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ṣi ìlà kan kọ, lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ́ ló ń jáde, password pàápàá mi ò lè tẹ̀ mọ́. Ẹ há èyí sórí: Backspace, Escape àti Enter, ẹ tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, keyd á kú, kíbọ́ọ̀dù yín á padà sípò.

Ẹ tún kíyè sí i, keyd máa ń gba kíbọ́ọ̀dù gidi mọ́ra ni, á wá gbé òmíì tí kò ṣeé fojú rí kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo triggerhappy pẹ̀lú ẹ̀, èyí tí keyd gbé kalẹ̀ yẹn ló gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí.

Èmi tí mo dá a sílẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi loadkeys -d dá ti tẹ́lẹ̀ padà, mo ti gbé triggerhappy sí i, group audio yẹn gan-an ni ì bá dá mi dúró ká ní onítty3 ò sọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò nínú vim báyìí ni, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn lọ sókè, lẹ́tà kan ò wọ inú iṣẹ́ mi.